Ta Ni Ẹlẹ́rìí Ìrora? Ìtàn Ìtọ́jú Làkúrègbé Ajá, 1935 sí 2024

Ìfáàrà

Nínú ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn ẹran, àwọn àrùn tí ń pa ẹran lọ́pọ̀ yanturu ni ó máa ń gba ipò iwájú: àrùn tí ń run agbo màlúù, àrùn dìgbòlugi tí ń ti ara ajá ran ènìyàn, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Irú àrùn báwọ̀nyí a máa ba ọrọ̀ ajé jẹ́, ìjọba a sì máa ṣe òfin lé wọn lórí; ohun tí ìjọba bá sì kọ sílẹ̀ ni òpìtàn máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Làkúrègbé ajá kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Kì í ran ẹlòmíràn, kì í sábà dá pa ajá, ẹni tí ó sì ni ajá nìkan ni ó máa ń ká lára.

Síbẹ̀, bí a bá tú ìtàn ìtọ́jú àrùn yìí wò, a ó rí i pé ìbéèrè ńlá kan wà nínú rẹ̀. Ajá kò ní ohùn tí ó lè fi sọ ibi tí ń ro ó. Ẹlòmíràn ni yóò jẹ́rìí fún un, bí ẹlẹ́rìí náà bá sì ṣì í rí, ajá ni yóò jìyà rẹ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni pé ẹni, tàbí ohun, tí a bá gbà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìrora ajá ní àsìkò kan ni ó ń pinnu irú ìtọ́jú tí ajá ń rí gbà ní àsìkò náà. Nígbà tí ọ̀gá ajá ọdẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí, iṣẹ́ ni a fi ń wọn ìrora. Nígbà tí fọ́tò egungun gba ipò yìí, ìran ajá tí a kò tíì bí ni a gbájú mọ́, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí ara ń ro lọ́wọ́. Nígbà tí olówó ajá fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́rìí, oògùn gbòde. Àwọn ìyípadà wọ̀nyí ni a ó tọpa, láti ọdún 1935 títí di òpin ọdún 2024. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìtàn náà ti wáyé, ibẹ̀ náà ni a ó sì fi í sí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ la ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ẹnu Yorùbá a máa pe gbogbo ìrora oríkèé, ti ọyẹ́ àti ti òjò, ti àgbà àti ti ẹni tí ó ṣubú, ní làkúrègbé. Níhìn-ín, oríkèé tí ó ń jẹ ni a ń sọ. Níbi tí egungun méjì bá ti pàdé, ìbòrí dídán kan wà ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi yíyọ̀ kan sì wà láàrin tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Bí ìbòrí yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, oríkèé a wú, egungun tuntun a máa hù ní etí rẹ̀, ẹsẹ̀ a sì le. Nínú ènìyàn, ọjọ́ ogbó ni a sábà ń so èyí mọ́. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àléébù mìíràn ni ó ṣáájú: ihò ìbàdí tí kò jìn tó, iṣan orúnkún tí ó já, tàbí egungun ìgúnpá tí kò bá ara wọn mu. Nítorí náà, ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún kan lè ti gbé ìpìlẹ̀ làkúrègbé rù, kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìfura gan-an ni ìṣòro ibẹ̀. Ajá tí oríkèé ń ro kì í sábà ké. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò pẹ́ kí ó tó dìde ní òwúrọ̀. Yóò dúró wo àtẹ̀gùn kí ó tó gùn ún. Yóò máa lá ojú kan náà lára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹran itan rẹ̀ yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé tí ó ti ń bá ṣeré tẹ́lẹ̀ lè fọwọ́ kàn án kí ó kùn mọ́ ọn. Àgbà a máa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn nínú wọn gbọ́ fèrè náà dáadáa, kí ó jẹ́ pé ìbàdí ni kò jẹ́ kí ó dáhùn.

Kí fọ́tò egungun tó dé

Ní ọdún 1761 ni Claude Bourgelat dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Yúróòpù. Ẹṣin àti màlúù ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀kọ́, nítorí ẹṣin ni ó ń gbé ológun, màlúù ni ó sì ń bọ́ ìlú. Ajá kò rí àyè púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Delabere Blaine ni ó gbìyànjú láti fún un ní àyè nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí àrùn ajá jáde ní 1817. Blaine mọ̀ pé ajá a máa ní làkúrègbé, ó sì so ó pọ̀ mọ́ àìsàn ìfun. Omi gbígbóná àti oògùn tí ń wẹ ikùn ni ìtọ́jú rẹ̀. Irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ìmọ̀ ìgbà náà mu, nígbà tí a gbà pé ohun tí ó bá bàjẹ́ nínú ara ní láti gba ibì kan jáde.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún àlàyé yìí ni àrùn tí àwọn ọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ìtiro ilé ajá. Àwọn ajá tí wọ́n ń kó jọ sí ilé kan a bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, ọ̀rinrin ilẹ̀ ni wọ́n sì dá lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tún ilẹ̀ ilé ajá ṣe, wọ́n gbé e lọ sí ibi gíga, wọ́n sì fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ. Kò sí ẹni tí ó wo inú oríkèé. Ọ̀gá ajá ni ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, ohun tí ó sì ń wò ni bóyá ajá lè sáré tẹ̀lé ẹṣin. Èyí tí kò bá lè sáré mọ́ kò sí nínú ìṣirò. Kò yẹ kí a tètè fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ibùsùn gbígbẹ, tí ó rọ̀, tí ó sì móoru, wà lára ohun tí àwọn dókítà ẹran ń gba olówó ajá níyànjú lé lórí títí di òní.

Ẹ̀rí fọ́tò

Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán X-ray ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì ní 1895. Ó gba nǹkan bí ogójì ọdún kí ohun èlò yìí tó yí ìtàn ìbàdí ajá padà. Ní 1935, Gerry Schnelle, dókítà ẹran kan ní ilé ìwòsàn Angell Memorial ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ṣe àpèjúwe ajá tí orí egungun itan rẹ̀ kò jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí. Lójú Schnelle nígbà náà, ohun tí kò wọ́pọ̀ ni. Kò pẹ́ kò jìnnà, bí X-ray ti ń wọ ilé ìwòsàn ẹran káàkiri, ni ó hàn pé ó wọ́pọ̀ gan-an, pàápàá láàrin àwọn ajá ńlá.

Lára àwọn ajá ńlá wọ̀nyí, èyí tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù ni ajá olùṣọ́-àgùntàn ti Jámánì. Ní 1899 ni Max von Stephanitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún irú ajá yìí, pẹ̀lú ìpinnu pé iṣẹ́ ni yóò máa fi ajá rere hàn. Ogun Àgbáyé méjèèjì gbé e dé ọwọ́ àwọn ológun àti ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn ológun ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní ìdí tí ó lágbára láti fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìbàdí rẹ̀. Ajá tí a fi ọdún kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tí ó sì wá ń tiro, owó ìjọba ni ó ṣòfò.

Ilẹ̀ Sweden ni a ti rí èyí kedere jù. Ní 1959, Henricson àti Sten-Erik Olsson fi hàn pé àléébù ihò ìbàdí nínú ajá olùṣọ́-àgùntàn ti Jámánì jẹ́ ohun tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí. Àwọn ológun Sweden ní ibùdó kan ní Sollefteå níbi tí wọ́n ti ń bí ajá, tí wọ́n sì ti ń kọ́ wọn. Gbogbo ajá ibẹ̀ ni a ya fọ́tò rẹ̀, tí a sì kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀, yálà ìbàdí rẹ̀ dára ni o tàbí kò dára. Láti inú àkọsílẹ̀ yìí ni Hedhammar, Olsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti mú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1979 jáde, lórí ọmọ ajá tí a bí ní ìgbà 401. Bí wọ́n ti ń yan òbí tí ìbàdí wọn dára, bẹ́ẹ̀ ni àléébù náà ń dínkù láàrin àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kò tán. Òbí méjì tí fọ́tò wọn mọ́ lè bí ọmọ tí tirẹ̀ kò mọ́, nítorí ohun àjogúnbá tí ó wà nídìí rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ àti bí ọmọ ajá ti ń dàgbà sì ń dá sí i.

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ológun ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. John M. Olin, olówó kan tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìbọn àti ọta, fẹ́ràn ajá Labrador fún ọdẹ ẹyẹ. Nígbà tí àléébù ìbàdí wọ inú àwọn ajá tirẹ̀, ó fi owó àti orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn àjọ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1966, tí a mọ̀ sí Orthopedic Foundation for Animals. Ìlànà àjọ yìí kò le. A ó tẹ́ ajá sílẹ̀ ní ẹ̀yìn, a ó na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, a ó yí orúnkún sínú díẹ̀, a ó sì ya fọ́tò. Ajá ní láti pé oṣù 24 kí àjọ tó gbé ìdájọ́ ìkẹyìn jáde. Onímọ̀ fọ́tò mẹ́ta ni yóò wo àwòrán náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láìmọ ohun tí èkejì sọ, wọn yóò sì fi ajá sí ọ̀kan nínú ipò méje, láti èyí tí ó dára jù lọ títí dé èyí tí ó bàjẹ́ jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran àti ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ajá ti ní ètò tiwọn láti 1965. Nígbà tí ó yá ni wọ́n sọ ọ́ di ti máàkì, láti 0 dé 53 fún ìbàdí kọ̀ọ̀kan, tí 106 sì jẹ́ òpin ìbàjẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Sollefteå àti Amẹ́ríkà yẹ ní àkíyèsí. Ní Sollefteå, kò sí ajá tí ó lè sá fún fọ́tò. Ní Amẹ́ríkà, ìfẹ́ inú olùsìn ajá ni, bí dókítà rẹ̀ bá sì ti wo fọ́tò tí ó rí i pé kò dára, kò sí ohun tí ó fi dandan lé e pé kí ó fi í ránṣẹ́. Nítorí náà, ìṣirò àjọ náà ní láti fi ìbàdí ajá hàn bí ohun tí ó dára ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ń fi owó rẹ̀ tọ́ ajá fún títà kò ní sáré gbé àléébù ọjà rẹ̀ síta.

Ìjà mìíràn tún dìde lórí bí a ti ń tẹ́ ajá sílẹ̀. Láti 1983 ni Gail Smith ní Yunifásítì Pennsylvania ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí ó tako ìlànà nínà ẹsẹ̀ gbọọrọ. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí a bá na ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, awọ tí ó yí oríkèé ká a lọ́ bí aṣọ tí a ń fún, a sì fa egungun itan padà sínú ihò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, yíyẹ̀ tí oríkèé ń yẹ̀ nígbà tí ajá ń rìn ni ó ń sọ ọ́ di làkúrègbé lọ́jọ́ iwájú. Ó ṣe ohun èlò tí ó rọra ń fa itan méjèèjì síta nígbà tí ajá bá sùn lábẹ́ oògùn, ó sì wọn bí orí egungun ti jáde tó. A lè ṣe èyí fún ọmọ ajá tí ó pé ọ̀sẹ̀ 16. Ọdún méjì kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàrin gbogbo àríyànjiyàn yìí, ajá tí ó ti ní làkúrègbé dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fọ́tò lè sọ ẹni tí kò yẹ kí a fi bí ọmọ. Kò lè sọ bí ó ti ń ro ajá tó. Dókítà tí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ ajá tí fọ́tò rẹ̀ ń dẹ́rù bani tí ó sì ń sáré kiri ọgbà, ó sì mọ òmíràn tí egungun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tí kò lè gun ọkọ̀. Iṣẹ́ abẹ wà lóòótọ́. Ní àwọn ọdún 1960 ni gígé orí egungun itan kúrò, kí iṣan lè di oríkèé fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí àtọwọ́dá sí ara ajá, lẹ́yìn tí John Charnley ti fi irú rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di olókìkí láàrin àwọn oníṣègùn ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó rẹ̀ kò mọ níwọ̀n, ìwọ̀nba ajá ni ó sì kàn.

Olówó ajá di ẹlẹ́rìí

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ajá tí ara ń ro ni ìyípadà ibùgbé. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ajá kúrò ní àgbàlá, ó wọ yàrá ìjókòó. Kò ṣiṣẹ́ ọdẹ mọ́, kò da àgùntàn mọ́. Nítorí náà kò sí iṣẹ́ tí a ó fi wọn ìrora rẹ̀. Ẹni tí ó ń bá a gbé ní ojoojúmọ́ ni ó wá ń wọ̀n ọ́n, nípa bí ó ti ń dìde àti bí ó ti ń jù ìrù.

Ohun tí dókítà ní lọ́wọ́ láti fi dá olówó ajá lóhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Felix Hoffmann ti ṣe aspirin ní ilé iṣẹ́ Bayer ní 1897, ajá sì ti ń jẹ nínú oògùn olówó rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú egbò inú tí ó máa ń tẹ̀lé e. Cortisone dé ọ̀dọ̀ àwọn alárùn oríkèé ní 1948, phenylbutazone tẹ̀lé e ní 1949. Àwọn méjèèjì ni a kọ́kọ́ fún ènìyàn kí ẹṣin àti ajá tó bá wọn pín nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ bí aspirin àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ títí di 1971, nígbà tí John Vane fi hàn pé wọ́n ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí a ń pè ní prostaglandin, èyí tí ń fa ìrora àti wíwú. Ohun kan náà yìí ni ó ń dáàbò bo ògiri inú ikùn, tí ó sì ń ran kíndìnrín lọ́wọ́. Bí oògùn ti ń pa ìrora ni ó ń tú ààbò náà sílẹ̀. Ara ajá kò sì bá ti ènìyàn dọ́gba nínú èyí: ibuprofen tí àgbàlagbà ń rà ní ilé oògùn láìbẹ̀rù lè dá egbò sí inú ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Títí di òní ni àwọn dókítà ẹran ń pariwo rẹ̀.

Carprofen ni ó ṣí ìlẹ̀kùn tuntun. Ilé iṣẹ́ Pfizer gba àṣẹ láti tà á fún làkúrègbé ajá ní Amẹ́ríkà ní 1996, ọjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1997 pẹ̀lú orúkọ Rimadyl. Wọ́n polówó rẹ̀ fún olówó ajá fúnra wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe fún dókítà nìkan. Ajá arúgbó tí ó tún ń sáré ni ìpolówó náà fi hàn, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì rí irú rẹ̀ lóòótọ́. Yóò jẹ́ àìṣòótọ́ láti sọ pé ẹ̀tàn ni. Ṣùgbọ́n ní 1998, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹran Amẹ́ríkà gbé àkọsílẹ̀ ajá 21 jáde tí ẹ̀dọ̀ wọn bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń lo oògùn yìí. Ajá 13 nínú wọn jẹ́ Labrador. Bóyá ara Labrador ni kò gbà á ni, tàbí nítorí pé Labrador pọ̀ láàrin àwọn tí ń lò ó, àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tó láti yanjú rẹ̀. Ohun tí ó fìdí múlẹ̀ ni àṣà tuntun: kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ajá wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí a sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà.

Oúnjẹ

Bí oògùn ti ń gbòde, ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ní 1987 ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Purina kó ọmọ ajá Labrador 48 jọ, wọ́n sì pín wọn ní méjì-méjì, ọmọ ìyá kan náà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ọ̀kan nínú àwọn méjì ti ń jẹ oúnjẹ kan náà bíi ti èkejì, ṣùgbọ́n kí ó dín ní ìdá mẹ́rin. Wọ́n tẹ̀lé wọn títí gbogbo wọn fi kú.

Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002, àwọn tí ó jẹun díẹ̀ ti gbé ayé tó ọdún 13, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ti gbé ọdún 11.2, bí a bá mú ti àárín. Ti làkúrègbé yani lẹ́nu ju èyí lọ. Láàrin àwọn tí ó jẹ àjẹyó, ìdajì wọn ti nílò ìtọ́jú àtìgbàdégbà fún oríkèé ní ọmọ ọdún 10.3, láàrin àwọn tí a dín oúnjẹ wọn kù, ó di ọdún 13.3 kí ìdajì wọn tó nílò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn, láti inú abọ́ oúnjẹ nìkan. Kì í ṣe pé àwọn tí ó jẹun jù jẹ́ ọ̀rá gbẹ̀ǹgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó ajá ìbá wò wọ́n kí ó sì sọ pé ara wọn dá ṣáṣá. Ó sì yẹ kí a rántí pé ilé iṣẹ́ tí ń ta oúnjẹ ajá ni ó náwó sí ìwádìí tí ó sọ pé kí a dín oúnjẹ ajá kù.

Kò sí ìtọ́jú mìíràn nínú ìtàn yìí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára tó báyìí tí owó rẹ̀ sì kéré tó báyìí, síbẹ̀ ajá tí ó sanra jù wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ọ̀nà tí olówó ajá ń gbà fi ìfẹ́ hàn ni oúnjẹ. Ẹlẹ́rìí tí ń wo ìrora ajá pẹ̀lú àánú ni ó tún ń fi ọwọ́ òsì ju àkàrà sí i lábẹ́ tábìlì. Dókítà tí ó bá fún un ní oògùn ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá ní kí ó gba abọ́ lọ́wọ́ ajá lè má tún rí i mọ́.

Àwo ìwọ̀n-ẹsẹ̀

Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá olówó ajá ń rí òótọ́. Láti dáhùn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń lo àwo irin pẹlẹbẹ kan tí a rì mọ́ ilẹ̀, tí ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi tẹ ilẹ̀ bí ajá ti ń kọjá. Ajá tí ẹsẹ̀ ń dùn kò ní fi gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ lé e. Àwo yìí kò ní àánú, kò sì ní ìrètí.

Ní 2012, Conzemius àti Evans tẹ àbájáde kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń sọ pé oògùn kan gba ajá òun là kà. Ajá tí ó ní làkúrègbé ni wọ́n fún ní oògùn asán, ìyẹn èyí tí kò ní agbára kankan nínú, láìjẹ́ kí olówó wọn mọ̀. Àwo ìwọ̀n-ẹsẹ̀ sọ pé ẹsẹ̀ kò yí padà. Ọ̀pọ̀ olówó ajá sọ pé ó ti sàn sí i. Èyí kò ṣòro láti lóye, nítorí ẹni tí ó bá ti náwó, tí ó sì fẹ́ràn ajá rẹ̀, kò lè ṣàì máa wá ìwòsàn lójú rẹ̀. Ohun tí a kò retí ni pé àwọn dókítà tí wọ́n wo ìrìn ajá náà ṣe àṣìṣe kan náà.

Pẹ̀lú ẹ̀rí yìí lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí ó ti di àṣà ní láti padà síwájú adájọ́. Glucosamine, tí a ń yọ láti ara ìkarahun edé àti akàn, ti kún inú oúnjẹ ajá àti ìgò oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀rí tí ó gbè é lẹ́yìn kò nípọn. Ti tramadol le jù. Oògùn yìí ni àwọn dókítà ẹran ti ń kọ fún ajá tí ikùn rẹ̀ kò gba carprofen. Ní 2018, Steven Budsberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún ajá ní tramadol, carprofen àti oògùn asán ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì mú wọn rìn lórí àwo. Carprofen mú kí ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa. Tramadol kò yàtọ̀ sí oògùn asán. Ajá tí ó ti ń lo tramadol nìkan fún ọdún bíi mélòó kan, tí olówó rẹ̀ sì ń sọ pé ara ń tù ú, ó ṣeé ṣe kí ìrora rẹ̀ má tíì dínkù rárá. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ti kúrò ní àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ tí ó sì di ìyà lára ẹ̀dá.

Àbẹ́rẹ́ oṣooṣù

Oògùn tuntun jù lọ nínú ìtàn yìí gba ọ̀nà mìíràn. Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen ni wọ́n rí ohun kan nínú ara tí ń mú iṣan ìmọ̀lára dàgbà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1986. Nígbà tí ó yá ni ó hàn pé nínú ara tí ó ti dàgbà, ohun yìí ń pọ̀ sí i nínú oríkèé tí ó bàjẹ́, tí ó sì ń mú kí ìrora gbóná sí i. Bí a bá rí ohun tí yóò dè é mọ́lẹ̀, ìrora yóò rọlẹ̀ láìkan ikùn tàbí kíndìnrín bíi ti àwọn ìbátan aspirin. Wọ́n kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò lára ènìyàn. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà dá ìdánwò náà dúró nítorí pé oríkèé àwọn kan lára àwọn tí ń gbà á tètè bàjẹ́. Wọ́n tún padà sí i, ṣùgbọ́n ní 2021 àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é fi í sílẹ̀ pátápátá. Fún ajá, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn lọ. Bedinvetmab, tí a ń tà ní Librela, gba àṣẹ ní Yúróòpù ní 2020 àti ní Amẹ́ríkà ní 2023. Àbẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni.

Ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi wọn agbára rẹ̀ nínú àwọn ìdánwò tí ó ṣáájú àṣẹ náà. Yunifásítì Pennsylvania ni a ti ṣe ìwé ìbéèrè yìí: olówó ajá yóò fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí ìrora ti pọ̀ tó àti bí ó ti ń dí ajá lọ́wọ́ nínú ìdìde, ìrìn, ìsáré àti àtẹ̀gùn gígùn. Oògùn asán wà nínú ìdánwò náà, kò sì sí olówó ajá tí ó mọ èyí tí tirẹ̀ ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni ojú olówó ajá, tí a ti fi hàn pé ó lè ṣìnà, tún padà di olórí ẹ̀rí, àmọ́ ní ìgbà yìí a fi ìṣirò dè é. Kò ṣeé dá lẹ́bi pátápátá. Àwo irin lè wọn ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kò lè mọ̀ bóyá ajá sùn dáadáa lóru, tàbí bóyá ó tún ti ń lọ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ FDA tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kọ lẹ́tà sí àwọn dókítà ẹran lórí bedinvetmab. Ìròyìn ti ń dé ọ̀dọ̀ àjọ náà nípa ajá tí ń ta gọ́n-ọ́n-gọ́n, tí gìrì ń mú, tí ẹsẹ̀ wọn rọ, tí kò lè dìde mọ́, tí ń mu omi jù tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró. Àwọn mìíràn kú, tàbí kí olówó wọn gbà kí a fi abẹ́rẹ́ pa wọ́n. Àjọ náà ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oògùn ni oògùn fà. Ó ní kí dókítà jẹ́ kí olówó ajá mọ ewu wọ̀nyí kí ó tó gún ajá ní àbẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa fi ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́.